Ápù Bramley: Ẹni Tó Gbìn Ín, Ẹni Tó Ra Ilé, Ẹni Tó Gé Ẹ̀ka

Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n máa ń dárúkọ nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ápù Bramley bá délẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló sin kóró rẹ̀ sínú ìkòkò. Alápatà kan ló ra ilé tí igi náà wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá tọrọ ẹ̀ka lára rẹ̀, tó sọ igi kan ṣoṣo di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Orúkọ alápatà ni wọ́n fi ń pe èso náà títí dòní, bẹ́ẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù.

Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ nípa ápù àtijọ́ máa ń pín sí apá méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀: ìtàn ẹni tó gbìn ín níhìn-ín, bí èso ṣe rí lójú àti lẹ́nu lọ́hùn-ún. Bramley kò gba irú ìpín bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí èso rẹ̀ jẹ́ ti wà nínú kóró kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣà lẹ́ṣà, kò sì sí ọ̀nà tí kóró yẹn ìbá gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹ ẹ́ lónìí bí kò bá sí ọ̀bẹ ẹni tó gé ẹ̀ka rẹ̀.

Southwell ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìlú kékeré kan ní àgbègbè Nottinghamshire, ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Minster ṣe gọ̀ǹgọ̀ láàárín ilé. Ní òpópónà Church Street níbẹ̀, ní 1809, Mary Ann Brailsford sin kóró ápù mélòó kan. Kò tíì ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Ọ̀kan nínú wọn hù, ó le, wọ́n sì gbé e kúrò nínú ìkòkò lọ sí ọgbà ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó yá, Mary Ann lọ́kọ, ó kó jáde nílé, igi sì dúró síbẹ̀. Ó kú ní 1852. Títí ó fi kú, ápù náà kò lórúkọ, kò sì kọjá ọgbà tó wà.

Ní 1846, Matthew Bramley, alápatà, ra ilé náà, ó sì bá igi tó ti gbó, tó ti ń so, nínú ọgbà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1856, Henry Merryweather wọ inú ìtàn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọmọ ìdílé tó ń sin ọmọ igi tà. Ìtàn tí wọ́n ń pa ní Southwell ni pé ó pàdé ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà, tó gbé apẹ̀rẹ̀ ápù ńlá ńlá dání, ó sì bi í pé níbo ló ti rí irú èyí. Wọ́n júwe ilé Bramley fún un. Ó lọ bẹ alápatà náà pé kó jẹ́ kí òun gé ẹ̀ka díẹ̀ láti fi ṣe irúgbìn. Bramley ní kó gé e, ṣùgbọ́n orúkọ òun ni wọn yóò máa fi pe ápù náà. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Bramley's Seedling nìyẹn, ìyẹn ápù tó hù láti inú kóró ní ọgbà Bramley, bẹ́ẹ̀ Bramley kò mọ ìgbà tí kóró wọ ilẹ̀.

Merryweather kò sáré tà á. Ní October 31, 1862 ni ìwé ìṣirò rẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ápù yìí: mẹ́ta péré ló tà fún George Cooper ti Upton Hall, ní ṣílè méjì. Ẹni tó bá mọ ohun tí ṣílè méjì lè rà láyé ìgbà náà yóò mọ̀ pé owó ohun tí ojú kò tíì rí rí ni wọ́n san. Ní December 1876, ó gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ èso ti ẹgbẹ́ Royal Horticultural Society, wọ́n sì yìn ín gidigidi. Ní 1883, àwọn olùgbin ápù láti ìgbèríko gbogbo pàdé ní Chiswick, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Irú ápù tó ju 1,500 lọ ni wọ́n tò sórí tábìlì, ọ̀pọ̀ wọn lórúkọ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn àgbà inú iṣẹ́ sì jókòó láti mọ èyí tó jẹ́ èyí. Ọdún yẹn kan náà ni Bramley gba ìwé ẹ̀rí onípò kìíní. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ápù sísè mìíràn tó lè bá a dupò ní Bìrìtéènì.

Ẹ wo àlàfo ọdún tó wà láàárín. Láti 1809 dé 1856 jẹ́ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, igi kan ni Bramley jẹ́, ní ọgbà kan. Bí ìjì bá ti wó o, tàbí bí onílé bá ti fẹ́ kọ́ yàrá síbẹ̀, kò sí ohun tí ì bá kù láti kọ̀wé lé lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọdún 1856 ni irú ápù yìí bẹ̀rẹ̀, tí mo sì fi ń wo Merryweather gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a sílẹ̀. Inú àwọn ará Southwell lè má dùn sí èyí. Lóde òní, Mary Ann ni wọ́n máa ń fi síwájú nínú ayẹyẹ ápù tí wọ́n ń ṣe lóṣù October lọ́dọọdún, Minster sì ní fèrèsé onígíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n fi yẹ́ Bramley sí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbàgbé Mary Ann. Ṣùgbọ́n sínsin kóró kì í ṣe iṣẹ́ tó ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó rí èso lọ́wọ́ ọkùnrin kan lójú ọ̀nà, tó dúró, tó béèrè.

Ẹni tí kò bá mọ bí ápù ṣe ń bímọ lè máa rò pé ohun tí mò ń sọ yìí le jù. Àwa Yorùbá máa ń ní ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò á jọ kíjìpá. Kóró ápù kò mọ òwe yìí rárá. Òdòdó ápù kì í sábà gba lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀. Ti igi mìíràn ni oyin ń gbé wá fún un. Inú èso kan náà ní yàrá márùn-ún, kóró bíi méjì sì máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣeé ṣe kí baba kóró kan yàtọ̀ sí baba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ìyá fúnra rẹ̀ ní láti fún ọmọ pọ̀ lóríṣiríṣi, kò sì ní fún ọmọ méjì ní ìpín kan náà. Ẹ sin kóró láti inú ápù tó dùn bí oyin, ó lè so èso tó kan débi tí ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni yóò jẹ ẹ́. Púpọ̀ jù nínú wọn kò níláárí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀kan máa ń yọ tó sàn ju ìyá àti baba rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n sábà fi ń ní irú èso kan náà lẹ́ẹ̀kejì ni kí ènìyàn gé ẹ̀ka, kó lọ́ ọ sára ìdí igi mìíràn, bí àwọn àgbẹ̀ wa ṣe ń lọ́ ọsàn. Ẹ̀ka tó wá láti Southwell kì í ṣe ọmọ igi Southwell. Igi Southwell fúnra rẹ̀ ni, ó kàn ń jẹun láti inú gbòǹgbò ẹlòmíràn. Gbogbo Bramley tó wà láyé jẹ́ igi kan náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ápù fúnra rẹ̀ kò sí ní Yúróòpù. Orí òkè Tian Shan, ní ìhà Kazakhstan àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, ni igbó ápù ìgbẹ́ wà, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malus sieversii. Nikolai Vavilov, onímọ̀ irúgbìn ará Rọ́ṣíà, dé ibẹ̀ ní 1929, ó rí ápù ìgbẹ́ tí èso wọn pé oríṣiríṣi nínú igbó, ó sì sọ pé ibí ni orísun. Ìwádìí lórí àbùdá igi náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò àti ẹṣin wọn ti gbé kóró rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tí ápù náà sì ń bá ápù ìgbẹ́ Yúróòpù, tó kéré, tó kan, pàdé lójú ọ̀nà. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ méjì ló wà lára ápù orí tábìlì, ó kéré tán.

Bí a bá wo àwọn ápù àtijọ́ mìíràn tó lókìkí, ìtàn Southwell kan náà la máa ń bá pàdé, àfi pé orúkọ ibi àti orúkọ ènìyàn yàtọ̀. Richard Cox, ẹni tó ti fi iṣẹ́ pípọn bíà sílẹ̀, sin kóró ní Colnbrook ní nǹkan bí 1825, èyí tí a mọ̀ sí Cox's Orange Pippin sì jáde. Ó kú ní 1845, ṣáájú kí Charles Turner, ẹni tó ń sin ọmọ igi tà ní Slough, tó gbé e síta fún aráyé. Maria Ann Smith, ìyá àgbà kan tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá sí Ọsirélíà, rí igi kan tó hù fúnra rẹ̀ níbi tó máa ń da pàǹtírí èso sí ní Eastwood, lẹ́bàá Sydney. Ọdún 1868 ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ wá wò ó. Ó kú ní 1870. Èso tí wọ́n sọ lórúkọ rẹ̀, Granny Smith, ni ápù aláwọ̀ ewé tí ń ti Gúúsù Áfíríkà wọ ọjà Èkó lónìí. Ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, Jesse Hiatt gé ọ̀mùnú igi kan tó hù sí ibi tí kò yẹ lóko rẹ̀, ó tún hù, ó tún gé e. Nígbà tó tún yọ, ó fi í sílẹ̀. Ó pe èso rẹ̀ ní Hawkeye. Iléeṣẹ́ ìdílé Stark ní Missouri rà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà sí Delicious, àwọn ni wọ́n sì lówó.

Nínú gbogbo wọn, ẹni tó gbìn ín tàbí tó rí i kì í jẹ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀bẹ, tó ní ilẹ̀ tí ọmọ igi yóò hù sí, tó sì mọ bí a ti ń polówó, òun ni ápù máa ń gba ọwọ́ rẹ̀ di gbajúmọ̀. Bramley kàn yàtọ̀ ní ti pé ẹnì kẹta gba orúkọ nítorí ilé tó rà.

Ohun tí kóró Mary Ann ní tí púpọ̀ nínú àwọn yòókù kò ní wà nínú iye kírómósómù rẹ̀, àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá. Ápù tó wọ́pọ̀ ní 34: 17 láti ọ̀dọ̀ ìyá, 17 láti ọ̀dọ̀ baba. Bramley ní 51, ìyẹn 17 lọ́nà mẹ́ta. Ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ kò pín ẹrù rẹ̀ sí méjì kó tó fún ọmọ. Odidi 34 ló gbé sílẹ̀, èkejì sì fi 17 rẹ̀ lé e. Blenheim Orange àti Ribston Pippin, àwọn ápù àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì mìíràn, rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lẹ́yìnkùlé kò ní rí èyí bí àjèjì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní ìlọ́po mẹ́ta irú èyí, ìdí nìyẹn tí kò fi ní kóró tó ṣeé sin, tó jẹ́ pé ọmọ tó yọ nídìí ìyá là ń tú gbìn. Bramley kò le tó ìyẹn. Ó ń ní kóró díẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ kò wúlò fún igi mìíràn. Wàhálà rẹ̀ hàn lóko. Bí àgbẹ̀ bá gbin Bramley kan àti Cox kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Cox yóò fún Bramley ní lẹ́búlẹ́bú, Bramley yóò so. Cox kò ní rí nǹkan kan gbà padà. Àfi kó tún wá ẹ̀kẹta tí yóò máa ran Cox lọ́wọ́. Igi tó gba tí kò fún ni.

Èrè rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ le. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn. Ẹ̀ka rẹ̀ máa ń nà lọ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá lọ́ ọ sórí ìdí igi alágbára yóò nílò àkàbà gígùn láti kórè. Àwọn olóko òde òní ń lọ́ ọ sórí ìdí igi kúkurú tí ibùdó ìwádìí East Malling ní Kent ṣà jáde, kí ọwọ́ lè tó o. Igi Bramley tún máa ń pẹ́ láyé. Èyí tó wà ní Southwell wó lulẹ̀ nínú ìjì ní nǹkan bí 1900. Ẹ̀ka rẹ̀ kan tó fara kan ilẹ̀ ta gbòǹgbò, ó dìde, ó tún ń so.

Ní ti èso, kì í ṣe arẹwà. Ó tóbi, ó tẹ́ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan máa ń wú ju èkejì lọ. Awọ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tí ń yí sí yẹ́lò bó ṣe ń pẹ́ nílé, pẹ̀lú pupa díẹ̀ níbi tí oòrùn ti bà á. Inú rẹ̀ funfun, àwọ̀ ewé díẹ̀ hàn nínú rẹ̀, omi sì kún un. Ó tún kan gidigidi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù, tó rí ápù ńlá olówó pọ́ọ́kú lórí àtẹ, tó gé e jẹ bí ó ṣe ń jẹ Granny Smith, ojú rẹ̀ yóò pa dé fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó tàn án jẹ. Orí iná ni ibùgbé rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára àtẹ pé sísè ni.

Ásíìdì tó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní málíìkì, ló ń ṣe iṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, ìkan náà kì í sá nígbà tí iná bá kàn án. Ápù dídùn tí a bá sè máa ń di ohun aláìládùn, bí ẹni tó ń jẹ omi ṣúgà. Bramley yóò gba ṣúgà púpọ̀ sára, adùn ápù yóò sì tún máa jáde lábẹ́ rẹ̀. Èkejì, ásíìdì a máa tú ohun tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì èso náà pọ̀, tí yóò fi yọ́ láìpẹ́ di fúlẹ́fúlẹ́ bí ìfóòfó. Cox tí a bá gé sínú páì yóò jáde ní ègé ègé bí a ṣe gé e. Bramley yóò ti di ọbẹ̀. Èyí tó dára jù níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn ará Faransé fẹ́ kí ègé ápù wọn dúró kó hàn lójú, nítorí náà Bramley kò rí àyè lọ́dọ̀ wọn rí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ohun tó yọ́: ọbẹ̀ ápù tí wọ́n fi ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, páì tí wọ́n da kọ́sítádì lé, odidi ápù tí wọ́n yọ kóró rẹ̀, tí wọ́n fi èso àjàrà gbígbẹ àti ṣúgà dí ihò rẹ̀, tí wọ́n sì gbé sínú ààrò títí awọ rẹ̀ yóò fi ya. Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo gbà pé ó fi Bramley hàn jù, nítorí pé kò sí ìyẹ̀fun tó bò ó mọ́lẹ̀.

Pípín tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín ápù sí ti sísè àti ti jíjẹ ní tútù kò wọ́pọ̀ níbòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ápù kan náà ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n sì ń sè. Mo rò pé Bramley fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ìpín náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: nígbà tí ènìyàn bá ní ápù kan tí kò ṣeé jẹ ní tútù àmọ́ tí kò sí irú rẹ̀ lórí iná, ó ní láti wá orúkọ ọ̀tọ̀ fún un.

Ó tún ní ìwà kan tó mú kí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn rẹ̀: ó máa ń pẹ́. Bí wọ́n bá ká a ní October, tí wọ́n tò ó sí ibi tútù, yóò dé ìgbà ìrúwé. Ní Cambridge, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Franklin Kidd àti Cyril West ń ṣèwádìí lórí bí èso ṣe ń mí, wọ́n rí i pé bí ọ́síjìn bá dín, tí carbon dioxide sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ yàrá, èso kò ní tètè gbó. Ilé ìkẹ́rùsí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìmọ̀ yìí kọ́ fún òwò wà ní Kent, ní 1929, Bramley sì ni wọ́n kó sí i. Gbogbo yàrá ńláńlá tí wọ́n ń tọ́jú ápù sí lónìí kárí ayé, títí kan èyí tí ápù Gúúsù Áfíríkà ń gbà kí ó tó wọkọ̀ ojú omi wá sí Àpápá, ọmọ ilé ìkẹ́rùsí yẹn ni wọ́n. Bramley ní àléébù tirẹ̀ nínú ilé bẹ́ẹ̀: awọ rẹ̀ máa ń dúdú bí ohun tí omi gbígbóná bó, àmì kòtò kéékèèké sì máa ń yọ lára rẹ̀ nígbà tí kálísíọ̀mù bá ṣe é kù.

Bí ẹ̀ka Merryweather ṣe dé Ireland yẹ fún ìtàn tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ń bá Southwell dupò. Ní 1884, ará Armagh kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Nicholson ra ọmọ igi 60 lọ́wọ́ Merryweather. Igi náà fẹ́ràn ibẹ̀: òjò rọ̀ déédéé, ooru kò pọ̀, ilẹ̀ sì wúwo. Láàárín ọdún díẹ̀ Bramley gba gbogbo oko ápù Armagh. Ní 2012, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dáàbò bo orúkọ Armagh Bramley, tí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ kò fi lè kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní ti àwọn le jù, ó kan jù, ìgbà tó fi ń gbó gùn jù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà pé ojú ọjọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí èso. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni igi náà jẹ́, ní Armagh, ní Kent, tàbí ní Obuse ní Japan, níbi tí àwọn kan ti mú un lọ, tí wọ́n sì ń gbìn ín báyìí. Orúkọ tí òfin dáàbò bò jẹ́ ti ojú ọjọ́ àti ti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀; kì í ṣe ti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá Bramley tí wọ́n ń jẹ lónìí ṣì jẹ́ ti 1809. Mo ti sọ pé igi kan náà ni gbogbo wọn, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n igi kan náà náà a máa yí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka kan lára igi máa ń yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ẹni tó bá sì gé ẹ̀ka yẹn lọ́ ti mú ohun titun wáyé. Bẹ́ẹ̀ ni Crimson Bramley ṣe wáyé ní Southwell kan náà, tí awọ rẹ̀ pupa, tí inú rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Clone 20, èyí tí igi rẹ̀ kò ga tó ti àtijọ́, tí àwọn olóko fi ń gbìn ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ápù Hiatt jẹ́ ìkìlọ̀ fún wọn: àwọn Amẹ́ríkà ń ṣa ẹ̀ka tó pupa jù, ọdún dé ọdún, títí èso náà fi pupa dúdú, tí adùn rẹ̀ sì ti lọ tán. Wọn kò ṣe Bramley bẹ́ẹ̀. Nínú páì ni ó ń parí sí, kò sì sí ẹni tí ń wo awọ rẹ̀ níbẹ̀.

Igi Southwell fúnra rẹ̀ ti ń ṣàìsàn látọdún pípẹ́. Olú kan tí wọ́n ń pè ní Armillaria wọ inú gbòǹgbò rẹ̀. Olú yìí kò gbóògùn, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ igi. Nígbà tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nottingham mú ìwọ̀nba kékeré lára igi náà ní nǹkan bí 1990, wọ́n tọ́ ọ dàgbà nínú ìgò, wọ́n sì gbin àwọn ọmọ rẹ̀ sí ilẹ̀ yunifásítì lórí gbòǹgbò tiwọn. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, Yunifásítì Nottingham Trent, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wà ní Brackenhurst nítòsí ìlú náà, gba àbójútó ilé àti igi. Àwọn kan ń dárò bí ẹni pé tí igi yẹn bá kú, Bramley kú nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ti èso, kò sí ohun tí yóò sọnù. Igi náà wà láàyè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi. Ohun tí yóò sọnù jẹ́ ti àwọn ará ìlú àti ti àlejò tó ń wá wò ó.

Ewu tó wà fún Bramley wà níbòmíràn. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbìn ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń dín kù fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn olóko ń hú u láti gbin ápù Gala àti irú rẹ̀, èyí tó dùn tí ọmọdé lè jẹ lójú ọ̀nà ilé ìwé. Ẹni tí yóò ra Bramley ní láti ní ààrò, ṣúgà, àti wákàtí kan lọ́wọ́. Ní Armagh, apá tó pọ̀ jù nínú ìkórè kò tilẹ̀ dé ọjà mọ́. Iléeṣẹ́ ló ń lọ, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bó o, tí ń gé e fún àwọn oníbúrẹ́dì àti aṣepáì, tàbí kí wọ́n fún un sínú ọtí ápù láti fi mú un kan díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ ẹ́ báyìí kò ní mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá rí i lórí àtẹ.